Tàdáwà tí wọn kò ṣe mọ́ nínú gègé tó níye lórí: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn tó ní gègé onítàdáwà, èyí tí àwọn bàbá wa tó ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ń pè ní fáńtéènì, ló máa ń bi mí ní àwọn ìbéèrè wọ̀nyí nígbà tí ọwọ́ wọn bá tẹ ìgò tàdáwà kan tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ti dáwọ́ dúró. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á: ohun tí wọ́n fi ṣe gègé yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wádìí, kí ẹ tó wá béèrè bóyá tàdáwà náà dára. Tàdáwà tí kò ní ṣe gègé kan ní ohunkóhun lè ba òmíràn jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Kí ni ẹ ń pè ní tàdáwà tí wọn kò ṣe mọ́?

Mo ń sọ̀rọ̀ nípa tàdáwà tó jẹ́ pé ìwọ̀nba tó wà nínú ìgò káàkiri ayé nìkan ló ṣẹ́ kù, tí kò sí ẹni tó ń po òmíràn. Lára wọn ni tàdáwà "51" tí ilé iṣẹ́ Parker gbé jáde lọ́dún 1941 pẹ̀lú gègé tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, àti Superchrome tó rọ́pò rẹ̀ lọ́dún 1947. Àwọn ìgò Skrip àtijọ́ ti Sheaffer wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà lọ́dún 1922. Fort Madison ní ìpínlẹ̀ Iowa, ní Amẹ́ríkà, ni ilé iṣẹ́ náà wà nígbà náà, wọ́n sì ṣe kòtò kékeré kan sí ẹnu ìgò wọn nínú, tó fi jẹ́ pé ènìyàn á dojú ìgò délẹ̀ díẹ̀ kí kòtò náà lè kún, a sì ki ẹnu gègé bọ ibẹ̀ láìjẹ́ pé ó rì sínú tàdáwà. Penman ti Parker náà wà níbẹ̀, tàdáwà àwọn ọdún 1990, tí àwọ̀ rẹ̀ tí wọ́n sọ ní Sapphire ti di ohun tí àwọn olùkójọ ń du mọ́ ara wọn lọ́wọ́ títí di òní. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ọdún kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣe wọ́n.

Ẹ̀ka kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà mọ́ ọn, ìyẹn tàdáwà tí orúkọ rẹ̀ kò yí padà ṣùgbọ́n tí ohun inú rẹ̀ ti yí padà. Búlúù tó fẹ́ dúdú ti Montblanc àti ti Lamy jẹ́ tàdáwà onírin láyé àtijọ́, wọn kò sì ṣe é bẹ́ẹ̀ mọ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun tó ń rà lónìí ni ohun tó wà nínú ìgò tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀.

Ṣé tàdáwà àtijọ́ lè ba gègé mi jẹ́ ní tòótọ́?

Ó lè bà á jẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ní bà á jẹ́. Quink ti Parker, tó jáde lọ́dún 1931, àti Skrip búlúù tó ṣeé fọ̀ jẹ́ aró tí wọ́n pò mọ́ omi pẹ̀lú èròjà díẹ̀ tí kì í jẹ́ kó bu. Bí omi inú ìgò náà bá ṣì mọ́, tí kò sì rùn, mo máa ń lò ó láìfòyà. Àwọn tó ń ba gègé jẹ́ ni èyí tó lágbára jù bíi omi eérú, èyí tó kan jù bíi omi ọsàn wẹ́wẹ́, èyí tí aró inú rẹ̀ ki jù, àti èyí tó ti bu. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló burú jù, òun náà sì ni àwọn ènìyàn kì í bẹ̀rù. Mo ti rí ẹni tó ń ṣàníyàn gidigidi pé tàdáwà kan lè fi àwọ̀ sára gègé òun, tó sì ń fa omi tí èébu ti léfòó lójú rẹ̀ sínú gègé ọ̀hún. Ẹni tó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá ni.

Kí ló dé tí gbogbo ènìyàn fi ń bẹ̀rù Superchrome?

Nítorí pé ilé iṣẹ́ tó ṣe é gan-an ló kọ́kọ́ kìlọ̀ nípa rẹ̀. Parker pé ọdún 51 lọ́dún 1939, ibẹ̀ ni orúkọ gègé 51 ti wá. Ohun tí wọ́n ń wá ní Janesville, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ni tàdáwà tí yóò máa gbẹ bí ènìyàn ṣe ń kọ ọ́, kí akọ̀wé má baà máa wá bébà tí yóò fi fa tàdáwà mu kiri. Wọ́n rí i ṣe nípa mímú kí tàdáwà náà lágbára bíi omi eérú, tó fi ń yára wọ inú bébà dípò kó dúró lójú rẹ̀. Àwọn aláró wa mọ omi eérú dáadáa. Òun ni wọ́n ń sẹ́ kí ẹ̀lú tó lè fi aró sílẹ̀ nínú ìkòkò, òun náà ló sì ń jẹ ọwọ́ ẹni tí kò bá ṣọ́ra. Parker mọ̀ pé sẹ́lúlọ́ìdì, irú ike àtijọ́ kan tí wọ́n fi ń ṣe gègé nígbà náà, kò ní lè fara da irú omi bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lo Lucite, irú ike kan tí DuPont ń ṣe, fún ara gègé 51. Wọ́n sì kọ ọ́ sára ìgò pé inú gègé 51 nìkan ni kí wọ́n máa rọ tàdáwà náà sí.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyẹn fi yín lọ́kàn balẹ̀ ṣá, nítorí ara gègé nìkan kọ́ ni tàdáwà ń fọwọ́ kàn. Títí di ọdún 1948, rọ́bà pẹlẹbẹ kan ló ń fa tàdáwà sínú gègé 51, rọ́bà kì í sì í bá omi tó le bẹ́ẹ̀ gbé pẹ́. Lọ́dún 1948 ni wọ́n mú èyí tí wọ́n ń pè ní Aerometric jáde, tó ní àpò oníke tó lágbára púpọ̀, ṣùgbọ́n fàdákà ni wọ́n fi ṣe ọ̀pá tín-ín-rín tó wà nínú àpò náà, Superchrome sì máa ń jẹ fàdákà náà títí tí yóò fi já. Ẹni tó bá ń tún gègé wọ̀nyí ṣe ti máa ń bá ọ̀pá tó ṣẹ́ ku kùkùté pàdé.

Ohun tí èmi ń ṣe nìyí: mi ò rọ Superchrome sínú gègé kankan, títí kan 51. Gègé onígíláàsì ni mo fi ń kọ ọ́, èyí tí a ń tì bọ ìgò tí a sì ń nù lẹ́yìn tí a bá kọ ìlà díẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ yóò hàn bó ṣe yẹ kó hàn, kò sì sí ohun tí yóò jẹ.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tí wọ́n fi ṣe gègé mi?

Imú àti ojú ni ẹ ó lò. Rọ́bà líle, èyí tó pọ̀ nínú gègé tó ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún, a máa rùn bí imí ọjọ́ tí ẹ bá fi àtàǹpàkò ra á títí tó fi gbóná, dúdú rẹ̀ a sì máa pọ́n bí ó bá ti pẹ́ nínú oòrùn. Sẹ́lúlọ́ìdì a máa rùn bíi kánfọ̀. Òun ni wọ́n fi ṣe àwọn gègé aláwọ̀ mèremère ti nǹkan bí ọdún 1925 sí 1950, irú Vacumatic ti Parker tó jáde lọ́dún 1933, tí ara rẹ̀ jẹ́ òrùka òrùka tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Kasíìnì, tí wọ́n ṣe láti inú wàrà, tí Conway Stewart ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò gan-an, kò gbọdọ̀ pẹ́ nínú omi rárá nítorí pé yóò wú, yóò sì là.

Inú gègé ṣe pàtàkì ju ara rẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ èyí tó ní irin kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ẹ ń gbé sókè kí ó lè fa tàdáwà, àpò rọ́bà ló wà nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èyí tí ẹ ń yí ìdí rẹ̀, bíi Pelikan tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1929, písítìn ló wà níbẹ̀, kọ́ọ̀kì ni wọ́n sì fi dí i nínú àwọn ti àtijọ́. Kọ́ọ̀kì kò fẹ́ kí ó gbẹ, rọ́bà kò fẹ́ omi tó le, àwọn méjèèjì kò sì fẹ́ tàdáwà tó ki.

Ìtàn kan nípa ara mi: mo ní gègé aláwọ̀ ewé kan tí mo fẹ́ràn, oní-sẹ́lúlọ́ìdì alápò rọ́bà. Mo rọ tàdáwà dúdú kan sínú rẹ̀ láti inú ìgò tí bébà ara rẹ̀ ti ya, tó jẹ́ pé n kò lè ka ìkìlọ̀ kankan lára rẹ̀. Nígbà tí oṣù kan pé, àpò náà ti rọ̀ bí oje igi, ó sì ti lẹ̀ mọ́ inú gègé pátápátá. Ìgò tí kò ní orúkọ kò tún wọ ibi tí gègé mi wà láti ìgbà náà.

Ìgò mi ti lé ní àádọ́ta ọdún. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé tàdáwà inú rẹ̀ ṣì dára?

Ẹ má mì í lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ gbé e sí iwájú iná kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá ti sùn síbẹ̀, ẹ fi ọ̀pá gíláàsì tàbí igi eyín tó mọ́ kàn án wò: èyí tó bá yòrò padà nígbà tí ẹ bá rọra rò ó kò burú, ṣùgbọ́n èyí tó bá lẹ̀ mọ́ igi bí ọ̀rá tàbí tó ń fà bí ilá ti kọjá ohun tí a ń rọ sínú gègé. Lẹ́yìn náà kí ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe tàdáwà láyé àtijọ́ máa ń fi fénólì sí i kí ó má baà bu, nítorí náà bí ìgò yín bá ń rùn bí Izal tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbẹ́, inú mi dùn sí i. Òórùn ilẹ̀ tútù tàbí ti aṣọ tí kò gbẹ ni kò dára.

Ẹ fi díẹ̀ kọ nǹkan sórí bébà funfun, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tàdáwà tó bá ń ṣàn kọjá ojú ìlà bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn, tàbí tí àárín ìlà rẹ̀ funfun tí etí rẹ̀ sì dúdú, kò pò dọ́gba mọ́.

Mo rí nǹkan funfun tó léfòó lójú rẹ̀. Ṣé mo lè sẹ́ ẹ kí n sì lò ó?

Rárá. Èébu tí ẹ rí kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Èyí tí ojú kò lè rí yóò gba inú asẹ́ kọjá, yóò sì lọ máa gbé inú gègé yín, níbi tí yóò ti máa wọ tàdáwà mìíràn tí ẹ bá rọ sínú rẹ̀, àti ìgò mìíràn tí ẹ bá ki ẹnu gègé náà bọ̀. Ẹ dà á nù. Bí ìgò náà bá lẹ́wà, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tọ́jú rẹ̀.

Tàdáwà náà ti ki, ó sì ti dín kù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣí i. Ṣé mo lè bu omi sí i?

Bẹ́ẹ̀ ni. Omi nìkan ló ń gba ẹnu ìdérí jáde, aró kì í bá a lọ, nítorí náà ohun tó kù nínú ìgò ki ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ. Bí ó bá jẹ́ ìgò tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí, èjìká ìgò ni ó sábà máa ń dé tẹ́lẹ̀, ìyẹn yóò sì jẹ́ kí ẹ mọ ìwọ̀n omi tó ti lọ. Ẹ má ṣe dá gbogbo rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò kékeré mìíràn, kí ẹ kán omi sí i ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa kọ ọ́ wò láàárín.

Omi tí wọ́n fi ooru yọ, tí kò ní iyọ̀ kankan nínú, ni kí ẹ lò, kì í ṣe omi kànga tàbí ti ẹ̀rọ. Nílé wa, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún bátìrì ọkọ̀ ṣe ni ó rọrùn jù láti rí i, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i gidigidi: ásíìdì bátìrì wà lórí tábìlì kan náà, nínú irú ike kan náà, àwọn mìíràn a sì máa pe méjèèjì ní omi bátìrì. Ilé ìtajà oògùn ni mo ti ń ra tèmi.

Tàdáwà onírin ńkọ́?

Tàdáwà onírin ni àwọn akọ̀wé Yúróòpù lò fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n ń rẹ kókó kan tí kòkòrò máa ń mú kí ó yọ lára igi óòkù, wọ́n á sì po omi rẹ̀ mọ́ èròjà tó ní irin. Bí ẹ bá kọ ọ́ sórí bébà, atẹ́gùn a bá irin náà jà, àwọ̀ rẹ̀ a sì máa dúdú sí i láti wákàtí dé wákàtí, títí tí omi kò fi ní lè fọ̀ ọ́ kúrò mọ́. Nítorí èyí ni àwọn tó ń kọ orúkọ ọkọ àti aya sínú ìwé ìjọba ní Ìlú Ọba fi di í mú fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ kíyè sí ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ, nítorí ohun kan náà tó mú kó dára lórí bébà ló mú kó burú nínú ìgò. Atẹ́gùn tó ń sọ ọ́ di dúdú lórí bébà ń wọ inú ìgò pẹ̀lú, díẹ̀díẹ̀, irin náà a sì sọ̀ kalẹ̀ di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dúdú tí omi kò lè yọ́. Bí irú rẹ̀ bá wọ ahọ́n gègé, ìyẹn igi pẹlẹbẹ oníhò tó ń gbé tàdáwà lọ sí ẹnu, yóò dí ihò rẹ̀ pa. Ó tún kan, nítorí náà ẹnu gègé tó jẹ́ góòlù gidi kò ní gbúròó rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu onírin lásán àti òrùka tí wọ́n kàn fi góòlù pa lára lè dógùn-ún.

Ìmọ̀ràn mi kò gùn: tàdáwà onírin àtijọ́ kò yẹ fún gègé iyebíye, ì báà jẹ́ èyí tí ìdérí rẹ̀ kò tíì yẹ̀ rí. Ẹni tó bá fẹ́ràn irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ra ti tuntun. Diamine ní Liverpool ṣì ń ṣe èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn akọ̀wé ìjọba, irin díẹ̀ sì wà nínú búlúù dúdú ti Pelikan 4001. Ẹ lò ó, kí ẹ fọ gègé yín ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ó gbẹ sínú rẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni ohun tí wọ́n ń sọ nípa Penman Sapphire?

Àwọ̀ rẹ̀ dára. Mo kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹ má baà rò pé mo kórìíra rẹ̀. Búlúù ni, ṣùgbọ́n bí ìlà náà bá nípọn, pupa kan a máa tàn lójú rẹ̀ bí ẹ bá gbé bébà sí ìmọ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹtù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ṣe máa ń tàn. Ohun tó fà á ni pé aró tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ ju ti tàdáwà ìgbà náà lọ, ibẹ̀ náà sì ni ìyọnu rẹ̀ wà: kì í yára gbẹ, a máa gbẹ mọ́ ẹnu gègé, ó sì lè fi àwọ̀ sára ibi tí a ti ń wo iye tàdáwà tó kù nínú gègé. Mi ò ní rọ ọ́ sínú Vacumatic tàbí gègé mìíràn tí ara rẹ̀ ń jẹ́ kí a rí inú. Nínú gègé tó ń lo ẹ̀rọ ìfàmu tó ṣeé yọ, mo rọ ọ́ sí i láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀pọ̀ tàdáwà tuntun ni wọ́n ń fi wé e. Àwọn kan sún mọ́ ọn débi pé ẹni tó bá kọ méjèèjì sórí bébà lásán kò ní dá wọn mọ̀. Ẹni tí àwọ̀ nìkan ń wù, kí ó ra tuntun.

Ṣé mo lè po tàdáwà méjì pọ̀ kí èyí tó ṣọ̀wọ́n lè pẹ́ lọ́wọ́ mi?

Ẹ má ṣe é. Èyí tó kan àti èyí tó jọ omi eérú a máa bá ara wọn jà, aró inú wọn a sì dì bíi wàrà tó ti bàjẹ́. Ó tilẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ pò ó, bí ẹ bá rọ ọ̀kan sínú gègé tí ìyókù èkejì ṣì wà nínú rẹ̀.

Gègé wo wá ni kí n fi kọ ọ́?

Èyí tí ẹ lè tú palẹ̀ kí ẹ sì fọ̀ mọ́ láìpe ẹnikẹ́ni. Safari ti Lamy, tó ti wà láti ọdún 1980, dára fún un, nítorí pé ẹnu rẹ̀ a máa yọ, ẹ̀rọ ìfàmu rẹ̀ a máa yọ, owó rẹ̀ kò sì pọ̀ débi tí a ó fi sunkún. Preppy ti Platinum kéré sí i lówó, ẹ sì ń rí gbogbo inú rẹ̀. Gègé onígíláàsì tí mo ti dárúkọ lókè, irú èyí tí oníṣọ̀nà ará Japan kan tó ń jẹ́ Sasaki Sadajirō ṣe lọ́dún 1902, ló ń dín ìfiṣòfò tàdáwà kù jù, nítorí pé ohun tó bá kù lára rẹ̀ ni ẹ kàn ń fi omi ṣàn.

Àwọn kan á sọ pé kí wá ni ìwúlò gègé iyebíye tí a kò bá lè fi tàdáwà iyebíye kọ̀wé. Mo gbọ́ wọn, mo sì mọ ohun tí ń ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka lẹ́tà yín kò ní mọ irú gègé tí ẹ fi kọ ọ́. Àwọ̀ ló máa rí. Bí ẹ bá sì fẹ́ so àwọn méjèèjì pọ̀ dandan, ẹ kọ́kọ́ dán tàdáwà náà wò.

Báwo ni mo ṣe máa dán an wò?

Ẹ rọ ọ́ sínú gègé kan tí kò wọ́n yín lójú, kí ẹ máa kọ ọ́ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ wá gbé gègé náà kalẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mìíràn láìfọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà kí ẹ wo bóyá ó kọ lẹ́ẹ̀kan náà, bóyá nǹkan ti hù sí ẹnu rẹ̀, àti iye omi tí ẹ ó lò kí ó tó mọ́. Bí ó bá kọjá gbogbo èyí, ẹ lè rọ ọ́ sínú gègé gidi, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ó sùn síbẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Bí gègé yín bá ní àpò rọ́bà, ẹ gé rọ́bà irú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ rì í sínú tàdáwà náà nínú ìgò kékeré fún oṣù kan. Rọ́bà tó bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ lẹ́yìn náà ti dá yín lóhùn.

Báwo ni mo ṣe máa fọ gègé lẹ́yìn irú tàdáwà bẹ́ẹ̀?

Omi tútù tàbí èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, kì í ṣe omi gbígbóná, nítorí pé omi gbígbóná a máa sọ rọ́bà líle dúdú di aláwọ̀ ilẹ̀, kò sì sí ohun tó ń dá a padà bí ó ṣe wà gan-an. Ẹ máa fa omi wọlé kí ẹ máa tú u jáde títí tí yóò fi mọ́, kí ẹ wá fi aṣọ inùwọ́ di ẹnu rẹ̀ kí ó fa ìyókù. Bí àwọ̀ bá ṣì ń jáde, ẹ̀kán ọṣẹ ìfọwo kan nínú ife omi tó. Amóníà ìfọlé tí kò ní òórùn dídùn nínú, ìdá kan sí omi ìdá mẹ́wàá, ni èmi ń lò bí ọṣẹ bá kọ̀, fún ìṣẹ́jú mélòó kan péré, omi púpọ̀ sì ni mo fi ń tẹ̀ lé e. Ọtí líle tàbí sípíríìtì kò gbọ̀dọ̀ dé ibẹ̀ rárá, nítorí yóò mú kí ike là, sẹ́lúlọ́ìdì a sì máa yọ́ nínú rẹ̀. Gègé oníkasíìnì ni kí ẹ fọ ẹnu rẹ̀ nìkan, kí ẹ sì nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀.

Ṣé mo lè rọ tàdáwà ilé kéwú sínú gègé?

Ẹni tó bi mí léèrè yìí ní ìgò kan lọ́wọ́ tí ó wù ú gan-an, nítorí pé àáfà àgbà kan ló pò ó. Rárá ni ìdáhùn mi. Tàdáwà tí a fi ń kọ̀wé sórí wàláà jẹ́ ẹ̀ẹ̀dú tàbí èéfín tí a po mọ́ oje igi, kálámù tí a gé lára koríko líle ni a sì ṣe é fún. Kì í ṣe aró tó yòrò, ìyẹ̀fun tó léfòó nínú omi ni, oje igi tó wà nínú rẹ̀ a sì gbẹ mọ́ ahọ́n gègé bí àtè. Bákan náà ni ti tàdáwà dúdú tí àwọn ayàwòrán ń lò, tí ṣélàákì, oje tó ń dì líle, wà nínú rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa tọ́jú ìgò náà ní ilẹ̀ olóoru?

Inú òkùnkùn ni kó wà, níbi tí oòrùn kì í dé, nítorí pé búlúù tó ṣeé fọ̀ a máa ṣá nínú ìmọ́lẹ̀. Ẹ gbé e dúró ṣánṣán, kí ẹ fi ọ̀rá wé ìdérí rẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ ni omi ń yára lọ jù, nítorí náà mo máa ń lẹ bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ara ìgò kí n lè fi sàmì sí ibi tí tàdáwà dé ní oṣù kọkànlá àti ní oṣù kẹta. Ẹ má ṣe ki ẹnu gègé bọ ìgò tó ṣọ̀wọ́n. Síríńjì tó mọ́ ni kí ẹ fi bu ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ lò, ohun tó bá sì ṣẹ́ kù kò gbọdọ̀ padà sínú ìgò.

Kí ni kí n wò kí n tó ra ọ̀kan?

Ẹ béèrè àwòrán ìgò náà níwájú iná, kí ẹ lè rí bí tàdáwà ṣe ga tó, àti àwòrán ìkọ̀wé ara rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ gbogbo, pàápàá ibi tí ìkìlọ̀ wà. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kí ó má ṣe ṣí i nítorí yín. Kátíríìjì àtijọ́, ìyẹn ike kékeré tí wọ́n ti rọ tàdáwà sí tẹ́lẹ̀ tí a kàn ń fi bọ inú gègé, ni kí ẹ yẹra fún, nítorí omi a máa gba ara ike rẹ̀ jáde, a sì sábà máa ń bá wọn láàbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgò mi ṣì wà nínú páálí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí i. Ṣé ó bójú mu kí n ṣí i?

Bí kì í bá ṣe tàdáwà onírin tàbí Superchrome, ẹ ṣí i. Gègé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè tún pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ṣùgbọ́n tàdáwà ń lọ lójoojúmọ́ bí ẹ tilẹ̀ kò fọwọ́ kàn án. Kátíríìjì kékeré ń gba nǹkan bíi mílílítà 0.75, nítorí náà ìgò tó gba mílílítà 50 yóò kún un ní ìgbà 66. Ẹni tó bá ń rọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù yóò fi kọ̀wé fún ọdún márùn-ún ó lé díẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣí i, ẹ kọ ọjọ́ náà sára páálí, kí ẹ fi tàdáwà náà gan-an kọ ìlà mẹ́ta sórí bébà tó dára, kí ẹ sì fi bébà yẹn pa mọ́ sínú ìwé tí ìmọ́lẹ̀ kò ní dé, nítorí pé òun ni ẹ ó máa fi wé ohun tó wà nínú ìgò bí ọdún bá ṣe ń gorí ọdún.